Àkùkọ àti Agogo

Kí ẹ̀rọ tí a fi ń ka wákàtí tó dé ilẹ̀ wa, àkùkọ ni ó ń jí àgbẹ̀ lóko Akínyẹlé lẹ́bàá Ìbàdàn; bí oòrùn bá sì kan àtàrí, wọn a mọ̀ pé ọ̀sán pọ́n. Síbẹ̀ àwọn kan a máa wí pé ẹni tí kò ní agogo kò mọ àkókò.

Ẹ jẹ́ kí a wo Strasbourg, ìlú tí ó wà ní ilẹ̀ Faransé lónìí. Láàárín ọdún 1352 sí 1354 ni a ṣe agogo ńlá kan sínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ibẹ̀, a sì gbé àkùkọ tí a fi irin àti igi ṣe sí orí rẹ̀. Bí wákàtí rẹ̀ bá tó, a na ìyẹ́ apá, a la ẹnu, a sì kọ. A ṣì tọ́jú àkùkọ náà pamọ́ ní ìlú náà. Agogo tí a parí ní 1843 sì ní tirẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn baba wa náà ṣe bẹ́ẹ̀: orúkọ agogo irin tí akéde ń lù ni wọ́n fi sọ ẹ̀rọ titun náà. Nítorí náà, kí ẹni tí ó so agogo mọ́ ọwọ́ má ṣe fi ẹni tí ń fetí sí àkùkọ ṣẹ̀sín.