Níbo Lo Dé? Bí Àwòrán Ṣe Ń Wá Ohùn Kiri

Ẹni tó bá ń wo fíìmù lórí kọ̀ǹpútà lónìí lè so extension kékeré kan mọ́ búráúsà rẹ̀, kí iná yàrá rẹ̀ sì máa yí àwọ̀ padà bí fíìmù náà ṣe ń lọ. Ó lè fi jẹ́ kí fóònù máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú àwòrán sétí ẹni tí kò ríran, tàbí kí ẹ̀wù kan máa gbọ̀n lára ẹni tí kò gbọ́ràn nígbà tí ìlù bá ń dún. Àwọn kan ń pè é ní idán tuntun. Tuntun kọ́ o. Wàhálà tó wà nídìí rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún: ohun méjì tí kò sí nínú àpótí kan náà, báwo la ṣe fẹ́ mú wọn rìn pọ̀ tí ọ̀kan ò ní já èkejì sílẹ̀?

Ní 1913, Thomas Edison gbé Kinetophone jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán wà lẹ́yìn àwọn òǹwòran, ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ wà níwájú, okùn gígùn ló sì so méjèèjì pọ̀. Okùn! Kó kàn dẹ̀ díẹ̀, ẹnu òṣèré á ti pa dé kí ohùn rẹ̀ tó jáde. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa á tì.

Vitaphone ló gbayì. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1926 ni Warner Bros. fi í gbé Don Juan jáde ní New York. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni The Jazz Singer dé. Ínjìnnì kan ṣoṣo ló ń yí fíìmù, òun náà ló ń yí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Àwo ọ̀hún fẹ̀ tó ínṣì 16, ó ń yí ní ìgbà 33⅓ láàárín ìṣẹ́jú kan, ó sì ń lò tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 11, ìyẹn ìwọ̀n fíìmù tó wà lára kẹ̀kẹ́ kan. Àárín àwo ni abẹ́rẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì máa rìn bọ̀ sí etí. Wọ́n sàmì ọfà sí i. Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ á gbé abẹ́rẹ́ sórí ọfà, á gbé àwòrán àkọ́kọ́ sójú iná, á wá tan ínjìnnì. Ó parí.

Bí fíìmù bá já ńkọ́? Fíìmù ìgbà yẹn máa ń já dáadáa. Wọn á gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, wọn á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Bí àwòrán mẹ́wàá bá bá a lọ, nígbà tó jẹ́ pé 24 ló ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn á gbẹ́yìn àwòrán ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá títí kẹ̀kẹ́ náà fi máa tán. Àwo ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣe fíìmù. Àfi kí wọ́n fi àwòrán dúdú mẹ́wàá dí àlàfo náà. Singin' in the Rain, tó jáde ní 1952, fi irú ìyọnu yìí ṣẹ̀fẹ̀ dáadáa.

Lójú tèmi, àwọn tó ṣe Vitaphone gbọ́n. Ibi tí wọ́n kù sí ni pé wọ́n rò pé bí ohun méjì bá jọ gbéra, wọn á jọ dé ni. Oníjó tó mọṣẹ́ kì í kàn gbéra pẹ̀lú ìyáàlù kó wá di etí. Gbogbo ìgbà ló ń gbọ́ ibi tí ìlù dé.

Nígbà tó yá, wọ́n tẹ ohùn sára fíìmù fúnra rẹ̀, àwo bá kógbá sílé. Ó tó ọgọ́ta ọdún kí àwo tó padà wá, pẹ̀lú Jurassic Park ní 1993, lábẹ́ orúkọ DTS. Orí CD-ROM ni ohùn wà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọ́n tẹ nọ́ńbà àkókò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán lára fíìmù. Ẹ̀rọ ń ka nọ́ńbà yẹn, àwo sì ń tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá gé àwòrán mẹ́wàá, nọ́ńbà á fò, àwo náà á fò.

Ọ̀nà DTS yìí ni extension wa tọ̀. Látìgbà tí W3C ti fọwọ́ sí HTML5 ní 2014, fídíò ti di ohun tí kóòdù lè bá sọ̀rọ̀. Láyé Flash, bí ẹni tó kọ́ ojú-ìwé ò bá ṣílẹ̀kùn fún yín, ìta lẹ máa wà. Ní báyìí, ẹ bi fídíò ní currentTime rẹ̀, á ní 754.2, ìyẹn ni pé ó ti lo ìṣẹ́jú 12 àti díẹ̀. Bí wọ́n bá dá a dúró, á ké pause; bí wọ́n bá fò ó síwájú, seeked; bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń wọ́lẹ̀, waiting. Extension á gbọ́, á sì ránṣẹ́ sí iná tàbí fóònù.

Kì í fìgbà gbogbo ké o. Ìró tó ń jẹ́ timeupdate lè wá ní ẹ̀ẹ̀mẹrin péré láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òfin ò sì dá a lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀, ìlànà tí ITU gbé jáde ní 1998 ní bí ohùn bá fi mílísẹ́kọ́ńdì 45 ṣáájú àwòrán, èèyàn lè fura. Bó bá jẹ́ pé ó gbẹ́yìn ni, ó lè tó 125. Kò yà mí lẹ́nu: mọ̀nàmọ́ná ló máa ń ṣáájú àrá. Nítorí náà, fóònù gbọ́dọ̀ máa ka aago tirẹ̀ láàárín ìdáhùn kan sí èkejì, kó sì máa tún un ṣe.

Bàbá mi àgbà ò ríran mọ́, fíìmù Yorùbá ni wọ́n sì fẹ́ràn jù. Èmi ò tíì bá ọ̀kan pàdé tí wọ́n ka àpèjúwe àwòrán sí ní Yorùbá. Mo ka ti fíìmù kan sínú fóònù fúnra mi. N kò gé fíìmù, n kò dà á kọ, extension ló ń mú méjèèjì rìn. Lórí áàpù tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Ta lẹ fẹ́ bi? Búráúsà nìkan ló fún mi láyè.

Ìṣòro tó kù ni ìpolówó. Bí wọ́n bá ti ọ̀kan bọ àárín fíìmù, òǹkà lè yí, fóònù á máa sọ pé ọkọ ìyàwó ń wọlé nígbà tó ti jókòó tipẹ́. Kò sí nọ́ńbà lára àwòrán wa bíi ti DTS. Bọ́tìnì méjì ni mo fi sí i, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn. Bàbá fúnra wọn ló ń tẹ̀ ẹ́, torí etí wọn mú ju tèmi lọ.