Ta ló ń rówó lábẹ́ omi?
Ṣé èèyàn lè máa kọ́ni ní scuba, kó sì fi bọ́ ilé? Ìwó ò ní òkun, àmọ́ ìtàn ní ìdáhùn.

Jacques Francis, ọmọ erékùṣù kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni ọ̀gá àwọn amòòkùn tí wọ́n gbà ní 1547 láti kó àgbá jáde nínú Mary Rose, ọkọ̀ ogun tó rì sí Portsmouth. Ó jẹ́rìí ní kóòtù ní 1548. Àwọn alátakò ní ẹrú ni, kí wọ́n má ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ẹ̀rí náà ṣì wà nínú ìwé kóòtù.

Ẹrù tó rì ló ń mówó wá, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Harrison Okene, alásè tó lo bí wákàtí 60 nínú ọkọ̀ Jascon-4 tó dojú dé ní òkun Nàìjíríà ní 2013, padà di amòòkùn (ẹ gbọ́ ná, omi yẹn kan náà!). Iṣẹ́ amòòkùn gidi ló kọ́, kì í ṣe ti afẹ́. Olùkọ́ scuba nílò arìnrìn-àjò. Níbí, páìpù epo ló pọ̀ jù.