Ojú Ni Ọ̀rọ̀ Wà: Ìtàn Bí A Ti Ń Bẹ Ẹni Tí A Tì Mọ́lé Wò

Ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú yín kì í ṣe èyí tí ènìyàn fi ń ṣe fáàrí. Kò sí ìdílé tí í fẹ́ kí a gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ wà ní àtìmọ́lé. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀, ìtìjú a máa mú kí àwọn ará ilé dákẹ́, wọn a sì máa wí fún aládùúgbò pé ọmọ náà rin ìrìn àjò. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ yìí a máa pa ẹni tí a tì mọ́lé lára ju ìlẹ̀kùn irin lọ. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ fi ìtàn wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan: nígbà tí a bá ti ènìyàn mọ́lé, kí ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni ó sì kù fún un? A gba ẹsẹ̀ rẹ̀, kò lè lọ síbi tí ó wù ú mọ́. Ǹjẹ́ a gba ẹnu àti etí rẹ̀ pẹ̀lú bí?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ayé àwọn baba wa. Wọn kò kọ́ ilé ẹ̀wọ̀n ńláńlá bí irú èyí tí a mọ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ náà “ẹ̀wọ̀n” fúnra rẹ̀ ń sọ ìtàn yìí, nítorí irin tí a so kọ́ ara wọn ni ẹ̀wọ̀n í ṣe kí a tó fi orúkọ náà pe ilé. Ẹni tí ó ṣẹ̀, tí a kò tíì ṣe ìdájọ́ rẹ̀, a lè fi ẹ̀wọ̀n dè é, tàbí kí a kan àbà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ní ààfin tàbí ní ilé ìjòyè, títí àwọn àgbà yóò fi jókòó lórí ọ̀ràn náà. Lẹ́yìn ìdájọ́, a kì í sábà wí pé kí arúfin jókòó sí ojú kan fún ọdún mẹ́wàá. Owó ìtanràn ni yóò san, tàbí kí a lé e kúrò ní ìlú, tàbí kí a tà á sí oko ẹrú. Bí ọ̀ràn náà bá sì burú jù, ikú ni. A kò wí èyí láti fi ayé àtijọ́ ṣe ògo, nítorí ìyà inú rẹ̀ korò. A wí i kí ẹ lè rí i pé kíkó ènìyàn pamọ́ kúrò lójú àwọn ará rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ kì í ṣe ohun tí a fi ń jẹ́ni níyà ní ilé wa.

Ẹ wo ọ̀ràn gbèsè. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ títí di 1921, ṣe àlàyé rẹ̀ fún wa. Dípò kí a mú ajigbèsè lọ sí ilé túbú, olówó a máa rán ológò sí ilé ajigbèsè fúnra rẹ̀. Ológò yóò dógò tì í: yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà, yóò máa pariwo, yóò máa bèèrè oúnjẹ, yóò sì máa mú ohun ọ̀sìn tí ó bá rí, títí gbogbo agbo ilé yóò fi sú, tí wọn yóò sì dá owó náà jọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìwọ̀fà: ó ń sin olówó nítorí owó tí a yá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹrú, ó sì ní àkókò fún iṣẹ́ ara rẹ̀ àti fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìnira wà nínú ọ̀nà méjèèjì. Síbẹ̀, ojú ẹbí kò kúrò lára ẹni tí ọ̀ràn bá.

Ogun ni ó kọ́kọ́ kọ́ wa bí ó ti rí nígbà tí ojú bá kúrò lára ojú. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun kó àìmọye ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ Èkìtì pẹ̀lú, kí àdéhùn àlàáfíà ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886 tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ogun Kírìjì wá sí òpin. Ẹni tí a kó lọ kò ní ìwé, kò sì ní ìránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní àrokò. Àlùfáà Gollmer ti ẹgbẹ́ C.M.S. kọ nípa àrokò wa sínú ìwé kan tí a tẹ̀ jáde ní London ní 1885. Ó sọ níbẹ̀ nípa ọkùnrin kan tí àwọn ará Dàhómì mú ní ìgbèkùn, tí ó sì ránṣẹ́ sí aya rẹ̀ ní Àgbádárìgì. Ohun márùn-ún ni ìránṣẹ́ náà: òkúta, èédú, ata, àgbàdo yíyan, àti àkísà. Òkúta wí pé ara òun ṣì le. Èédú wí pé ohun tí ń bọ̀ níwájú ṣókùnkùn. Ata wí pé ọkàn òun ń gbóná. Àgbàdo yíyan wí pé ìyà ti mú ara òun gbẹ. Àkísà wí pé aṣọ ọrùn òun ti gbó.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbẹ̀. Ọkùnrin yìí kò tíì bèèrè owó, kò sì tíì bèèrè ẹni tí yóò rà á padà. Ohun tí ó kọ́kọ́ fẹ́ ni kí aya rẹ̀ mọ̀ pé òun wà láàyè, àti bí òun ti wà. Òkúta ni ó fi ṣáájú, kí ẹ̀rù má ba obìnrin náà kí ó tó gbọ́ ìyókù. Bí ẹ bá ka ìwé tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń kọ sílé ní gbogbo ayé, ẹ ó rí i pé bákan náà ni wọ́n ń tò ó: ara mi le, ẹ má fòyà, lẹ́yìn èyí ni wàhálà ń tẹ̀lé e.

Ilé ẹ̀wọ̀n alámọ̀ dídì tàbí bíríkì, tí ó ní ìlẹ̀kùn irin àti wọ́dà, ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti dé bá wa. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ilé náà ti kún fún ìtìjú. Ní 1773, John Howard di olóyè tí ń ṣe àbójútó ẹ̀wọ̀n ní àgbègbè Bedford. Ó rí i pé àwọn tí ilé ẹjọ́ ti dá sílẹ̀ ṣì wà ní àhámọ́, nítorí pé wọn kò rí owó tí onítúbú ń gbà san. Ó rin ìrìn àjò kiri àwọn ilé ẹ̀wọ̀n, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1777. Ní 1813, obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Elizabeth Fry wọ ẹ̀wọ̀n Newgate ní London, ó bá àwọn obìnrin àti ọmọ wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀gbin, ó sì sọ ọ́ di iṣẹ́ láti máa bẹ̀ wọ́n wò. Àwọn méjèèjì kò ní ohun ìjà kankan ju kí wọ́n wọlé, kí wọ́n wò, kí wọ́n sì jáde wá sọ ohun tí wọ́n rí.

Lẹ́yìn tí Èkó bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1861, a kọ́ ilé ẹ̀wọ̀n sí Broad Street ní 1872, fún nǹkan bí 300 ènìyàn. Láti ibẹ̀ ni àṣà náà ti tàn dé òkè. Ní ilẹ̀ Èkìtì, nígbà tí a fi Adó ṣe olú ìlú ẹkùn láti 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń lo àwọn ọba, ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ àti akódà láti máa ṣe àkóso. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà nígbà náà, oríṣi ẹ̀wọ̀n méjì ni ó wà: ti ìjọba ńlá, àti ti ìjọba ìbílẹ̀. Ti ìbílẹ̀ yìí ní ibi tí ó dára sí àti ibi tí ó burú sí. Ó dára nítorí pé ó sún mọ́ ilé. Ìyá lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀, wọ́dà sì gbọ́ èdè rẹ̀. Ó burú nítorí pé ẹni tí ó bá alágbára ìlú jà lè bá ara rẹ̀ níbẹ̀. Ní ìgbà ìjà òṣèlú lẹ́yìn 1960, a fi ilé ẹjọ́ àti ẹ̀wọ̀n ìbílẹ̀ dá ọ̀tá lẹ́kun ní ibi púpọ̀. Ní 1968 ni ìjọba ológun pa ẹ̀wọ̀n ìbílẹ̀ rẹ́, tí gbogbo rẹ̀ sì di ti ìjọba àpapọ̀.

Nígbà tí ẹ̀wọ̀n bá di ti ìjọba tí ó jìnnà, ọ̀nà jíjìn náà a máa di apá kan ìjìyà. Ní oṣù keje 1963, Olúṣẹ́gun, ọmọkùnrin àgbà Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ nígbà tí baba rẹ̀ wà lábẹ́ ìṣọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ ní Èkó sọ baba náà sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10, a sì gbé e lọ sí Kàlàbá, ó jìnnà réré sí Ìkẹ́nnẹ́ àti sí èdè rẹ̀. A kò gba ìwé àti kálámù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ ìwé lórí òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà níbẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ ní 1966, ọdún tí a dá a sílẹ̀. Ọ̀ràn Wọlé Ṣóyínká le ju èyí lọ. Láti 1967 di 1969 ni a fi tì í mọ́lé láìsí ẹjọ́, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní òun nìkan ní Kàdúná, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ sí àárín ìlà ìwé tí a ti tẹ̀. Lẹ́yìn èyí, nígbà ìjọba ológun ti ọdún 1993 sí 1998, a gbé Gàní Fawẹ̀hìnmi lọ sí Bauchi, a sì gbé Bẹ́kọ̀ Ransome-Kuti lọ sí Katsina. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí wọn yóò la Nàìjíríà já.

Ní ilẹ̀ South Africa, wọ́n fi òfin gba èdè pẹ̀lú. Nígbà tí Nelson Mandela dé Robben Island ní 1964, ìwé kan àti àlejò kan ni a gbà fún un ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì tàbí èdè àwọn Bóà ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ, kí wọ́dà lè gbọ́ ọ. Ẹ fi ojú inú wo ìyá tí kò gbọ́ èdè méjèèjì. A wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Níbẹ̀, ojú nìkan ni yóò kù fún un. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tún òfin ìtọ́jú ẹlẹ́wọ̀n ṣe ní 2015, orúkọ Mandela ni wọ́n fi pè é. Òfin náà wí pé ẹlẹ́wọ̀n gbọ́dọ̀ máa rí ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àkókò tí ó ṣe déédéé, kí wọ́n sì máa kọ ìwé sí ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2014, àwọn agbébọn kọlu ilé ẹ̀wọ̀n Adó, ènìyàn tí ó lé ní 300 sì sá jáde. Ọ̀pọ̀ sọ̀rọ̀ ìbọn àti odi tí a fọ́. Ohun tí ó yẹ kí a rò pẹ̀lú ni pé, ní ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tí ó wà ní ẹ̀wọ̀n ni a kò tíì dá lẹ́bi rárá. Wọ́n ń dúró de ọjọ́ ẹjọ́ ni.

Fún irú àwọn wọ̀nyí, ẹni tí ń bẹ̀ wọ́n wò kì í ṣe olùtùnú nìkan. Òun ni ó ń mú orúkọ agbẹjọ́rò wá, òun ni ó ń bèèrè ọjọ́ ẹjọ́, òun ni ó ń wá onídùúró. Òfin ìpìlẹ̀ 1999 wí pé ẹni tí a mú lè dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹni mìíràn tí ó yàn sọ̀rọ̀; pé láàrin wákàtí 24 a gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ ìdí tí a fi mú un fún un, ní èdè tí ó gbọ́; àti pé bí ilé ẹjọ́ bá wà láàrin kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni a ní láti gbé e dé ibẹ̀. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015, tí ó wà fún ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, wí pé ẹni tí ó tì í mọ́lé ni kí ó ránṣẹ́ sí ẹbí rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì kọ̀ kí a mú ẹlòmíràn dípò ẹni tí ó ṣẹ̀, kí a má baà ti ìyá mọ́lé nítorí ọmọ. Òfin 2019 sọ ilé ẹ̀wọ̀n di ilé àtúnṣe. Ní 2023, àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ gbà fún ìpínlẹ̀ láti ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n tí a gbà lọ́wọ́ ìbílẹ̀ ní 1968 tún ní ọ̀nà láti padà sún mọ́ ilé. Kí ẹni tí yóò kọ́ ọ rántí ìdí tí a fi gbà á nígbà náà.

Kí ni ó wá kù fún wa láti ṣe? Bí a bá mú ẹnì kan nínú ẹbí yín, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí ó wà, bóyá àgọ́ ọlọ́pàá ni tàbí ilé ẹ̀wọ̀n. Ẹ mọ orúkọ tí a kọ sílẹ̀ fún un, ẹ̀sùn tí a kà sí i lọ́rùn, ilé ẹjọ́ àti ọjọ́ tí a sún un sí. Bí kò bá sí owó agbẹjọ́rò, ẹ bèèrè Legal Aid Council, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní 1976 fún àwọn aláìní. Bí ẹ bá gbé oúnjẹ lọ, ẹ má bínú bí wọ́dà bá ní kí ẹ tọ́ ọ wò, ẹ má sì ṣe fi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ pamọ́ sínú rẹ̀, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, ẹni tí ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́ ni yóò sì jìyà rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè lọ, ẹ kọ ìwé. Ẹ fi òkúta ṣáájú bí ọkùnrin ìgbèkùn nì: ẹ sọ fún un pé ara ilé le, kí ẹ tó sọ ìyókù.

Àwọn kan yóò wí pé, ẹni tí ó jalè ńkọ́, ẹni tí ó pànìyàn ńkọ́? A kò wí pé kí a má ṣe ìdájọ́. Àwọn baba wa wí pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì ni ti adájọ́ àti wọ́dà, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ wọn. Ọwọ́ ọ̀tún kì í ṣe ti ìjọba. Tiwa ni, bí a kò bá sì nà án, kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá wa nà án.