Ìlú Tí Ó Wà Nínú Oríkì

Bí ẹ bá bi ọmọ Ìbàdàn pé níbo ni bàbá ńlá rẹ̀ ti wá, yóò ní, ‘Ìbàdàn ni, láti ọjọ́ aláyé ti dáyé.’ Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Ní nǹkan bí 1829, lẹ́yìn ogun Òwu, ni àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ agbo ilé tí ń bẹ níbẹ̀, ibòmíràn ni wọ́n ti wá.

Ọmọ Ìbàdàn lèmi náà. Nígbà tí mo ń wá ìtàn ìdílé wa, ẹnu àwọn bàbá kò kò. Ọ̀kan ní àwa la ni ilẹ̀, èkejì ní rárá o. Ìyàwó ilé kan, arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ló là mí lójú. Bó bá ti ń ki àwọn ọmọ ọkọ ẹ̀, ọmọ Oníkòyí ló ń pè wọ́n.

Mo ní, ‘Ìyá, Ìkòyí kẹ̀?’

Ó rẹ́rìn-ín. ‘Ọkọ mi, bí ìyá ọkọ mi ṣe ń kì wọ́n lèmi náà ṣe ń kì wọ́n. Èmi ò bá yín du ilẹ̀.’

Ìlú ológun ni Ìkòyí lábẹ́ Ọ̀yọ́ àtijọ́, kí ogun tó tú u. Ó ṣì wà dòní ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìyá sùn. Kò sí ìyàwó mìíràn nílé wa tó mọ oríkì náà kì dópin. Ohun tí mo gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà nìkan ló kù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gba oríkì orílẹ̀ yín lẹ́nu àwọn ìyá. Ẹ wo orúkọ: Àyàn sábà máa ń jẹ́ ti onílù, Ọ̀jẹ̀ ti eléégún, Ọdẹ ti ọlọ́dẹ. Ẹ má bi àgbà pé ọdún wo ni wọ́n bí i. Ẹ bi í pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà: ṣé ogun Hitler ti 1939 sí 1945 ni, àbí ìgbà tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí gba ọwọ́ ọ̀tún ní 1972? Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìwé ìrìbọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ sì dé ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Bẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ẹrú tàbí ìwọ̀fà ni ẹnìkan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi bú ọmọ rẹ̀ níbi ìpàdé ẹbí.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé ò bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òótọ́ ni, bí ẹni tí yóò rọ́ ọ bá ṣì wà láyé. Ẹ tètè lọ kí wọn nílé.