Ìfitónilétí

Ní Ìkòtún àti Ẹ̀gbẹ́dá, gbólóhùn kan ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọlọ́jà àti oníbàárà: "Mi ò tíì rí álàátì." Álàátì yìí ni iṣẹ́ tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sí fóònù pé owó ti wọlé. Ìfitónilétí ni Yorùbá ń pè é: fi, tó, ni (ìyẹn ẹni), létí. Ó túmọ̀ sí mímú ọ̀rọ̀ dé etí ẹni, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì kọjá bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ń lò ó bí ẹni pé òun gan-an ni owó. Kì í ṣe òun. Báńkì ni owó wà. Iléeṣẹ́ tẹlifóònù ló ń gbé SMS rẹ̀ kiri. Bí fóònù bá kú tàbí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ náà ni SMS náà yóò dúró sí fún ìgbà díẹ̀; bí ó bá pẹ́ jù, ó lè má dé mọ́. Gbájúẹ̀ náà sì lè fi ayédèrú rẹ̀ ránṣẹ́ láìsan kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ àkáǹtì wò kí ẹ tó gbé ọjà sílẹ̀, kí ẹ sì tó pe ọmọlọ́mọ lólè.

Bí a ṣe ń lò ó: "Ìfitónilétí kò tíì dé, ṣùgbọ́n owó ti wọ àkáǹtì mi."

Ìkìlọ̀ yàtọ̀ sí ìfitónilétí: ewu ló ń sọ, bí ìgbà tí fóònù bá ní bátìrì fẹ́ tán. Ìkéde jẹ́ ti gbogbo ayé. Ìfitónilétí mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.