Bí Àṣàrò Àwọn Ẹlẹ́sìn Búdà Ṣe Di Ìtọ́jú Bárakú Ọtí àti Oògùn

Ó rọrùn fún ọ̀mùtí láti búra lówùúrọ̀ pé òun ti jáwọ́. Ìrọ̀lẹ́ ló le. Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni Alan Marlatt, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá ní Yunifásítì Washington, nílùú Seattle ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí.

Lọ́dún 1985, òun àti Judith Gordon gbé ìwé jáde lórí ohun tó ń dá ẹni tó ti jáwọ́ padà sídìí bárakú. Marlatt ní kí èèyàn ka òùngbẹ ọtí tàbí oògùn sí ìgbì òkun: á ru, á ga, á sì rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, bí onítọ̀hún bá lè jókòó tì í láìmu. Ó tún rí agbára ìtìjú. Ẹni tó ti pa ọtí tì fóṣù mẹ́fà, tó wá mu ife kan lóde àríyá, á délé, á máa bú ara rẹ̀ pé aláìníláárí lòun, pé ọ̀rọ̀ òun ti kọjá àtúnṣe. Èébú yìí gan-an ló ń sọ ife kan di ìgò mẹ́ta. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ṣíṣàánú ara ẹni, dípò èébú, ti di oògùn.

Ọ̀rọ̀ ọtí kò ṣàjèjì sí ẹ̀sìn Búdà. Ìkarùn-ún nínú òfin márùn-ún tí àwọn ọmọlẹ́yìn ń gbà mọ́ra kọ ọtí àti ohun mímu tó ń pani bí ọtí, torí pé ó ń gba ìṣọ́ra lọ́wọ́ ẹni.

Lọ́dún 1997, wọ́n gbé àṣàrò Vipassana, tó wá látinú ẹ̀sìn Búdà, irú èyí tí olùkọ́ àṣàrò, S. N. Goenka, fi kọ́ni, wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n kan lẹ́bàá Seattle, North Rehabilitation Facility. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni. Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń jí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Fọ́jọ́ mẹ́ta, èémí tó ń gba ihò imú wọlé, tó ń jáde, ni wọ́n ń ṣọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ọkàn yẹ ara wò láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀: ibi tó ń yún wọn, ibi tó ń ro wọ́n, wọn kò ní họ ọ́, wọn kò ní sá fún un. Ẹ wo ẹni tó jẹ́ pé kokéènì ló fi ń lé ìrora lọ, tó wá ń jókòó ti orúnkún tó ń ro ó fún wákàtí kan láìyí ẹsẹ̀ padà! Lọ́jọ́ kẹwàá, wọ́n á tú ẹnu sílẹ̀, wọ́n á sì kọ́ mettā, ìyẹn ni kí èèyàn máa fi tọkàntọkàn súre fún ara rẹ̀ àti gbogbo ẹ̀dá.

Ìwádìí tí Sarah Bowen, Marlatt àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde ní 2006 fi hàn pé, lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìtúsílẹ̀, ọtí, igbó àti kokéènì tí àwọn tó ṣàṣàrò ń lò kéré sí ti àwọn tí kò ṣe é.

Àmọ́ ta ló ráyè ọjọ́ mẹ́wàá? Bowen, Neha Chawla àti Marlatt wá fi àṣàrò ṣètò ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ, wákàtí méjì lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwé rẹ̀ jáde ní 2010. Wọ́n dán an wò lára èèyàn 286. Nígbà tó pé ọdún kan, ọjọ́ tí àwọn tó gba ẹ̀kọ́ náà fi lo oògùn kéré ju ti àwọn tó gba irú ìtọ́jú mìíràn. Ọdún 2014 ni èsì yìí jáde. Kò ṣojú Marlatt: ó ti kú ní oṣù kẹta ọdún 2011.