Yàtọ̀ sí ṣúgà: Àmì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń kìlọ̀ ewu fún alátọ̀gbẹ

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àrùn àtọ̀gbẹ, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí ìtọ̀ ṣúgà, ṣe rí. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń ṣọ́, ṣùgbọ́n àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ wà lára ohun tó ń pa àwọn alátọ̀gbẹ jù lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣàlàyé pé ewu àìsàn méjèèjì yìí lára àgbàlagbà tó ní àtọ̀gbẹ tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti ẹni tí kò ní in. Ọ̀kan lára ohun tó ń fà á ni ìwúlé tó fara pamọ́ sínú ara.

Bí ẹ̀gún bá gún èèyàn lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ a pọ́n, a wú, a sì gbóná. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ogun ara, ló dé síbẹ̀ láti bá kòkòrò àrùn jà. Bí ìjà bá parí, ara a rọlẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ, pàápàá àwọn tí ikùn wọn tóbi, ìjà náà kì í parí. Ọ̀rá inú ikùn àti ṣúgà tó pọ̀jù ló ń ru ú sókè lọ́sàn-án lóru. Kì í dun aláìsàn, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń ba iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn àti ọpọlọ jẹ́.

Àmì tí àwọn dókítà fi ń mọ ìwúlé yìí jù lọ ni èròjà tí wọ́n ń pè ní CRP. Ọdún 1930 ni William Tillett àti Thomas Francis ṣàwárí rẹ̀ nílùú New York, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òtútù àyà ń bá jà. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, interleukin-6 ló sì máa ń jíṣẹ́ fún ẹ̀dọ̀ pé kó bẹ̀rẹ̀. Fibrinogen àti iye sẹ́ẹ̀lì funfun náà wà lára irú àmì bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò tó ń rí CRP kékeré ni hs-CRP. Lọ́dún 2003, àwọn onímọ̀ ìlera ilẹ̀ Amẹ́ríkà là á sílẹ̀ pé bí kò bá tó mílígírámù 1 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, ewu àrùn ọkàn kéré. Láti 1 sí 3 jẹ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bó bá ju 3 lọ, ewu pọ̀. Bó bá kọjá 10, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibà, egbò tàbí àrùn mìíràn ló fà á. Wọn a kọ́kọ́ wá ìyẹn, wọn a sì tún àyẹ̀wò náà ṣe.

Ọ̀pọ̀ ìwádìí tó tẹ̀ lé àwọn alátọ̀gbẹ fún ọdún pípẹ́ ti fi hàn pé àwọn tí àmì wọ̀nyí ga lára wọn ń kú ju àwọn tí tiwọn kéré lọ. Síbẹ̀, CRP kì í ṣe apànìyàn. Olófòófó lásán ni. Àwọn tí wọ́n bí CRP gíga mọ́ kò ní àrùn ọkàn ju àwọn yòókù lọ. Iná tó ń jó lábẹ́lẹ̀ gan-an ni ọ̀tá.

Ìwádìí CANTOS, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2017, gbìyànjú láti pa iná náà. Àwọn 10,061 tí àrùn ọkàn ti kọlù rí ló kópa, bíi mẹ́rin nínú mẹ́wàá wọn ló sì ní àtọ̀gbẹ. Oògùn canakinumab dín ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú tí àrùn ọkàn ń fà kù ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n àkóràn tó ń pani pọ̀ sí i, àpapọ̀ iye ikú kò sì dín kù.

Nítorí náà, ohun tó wà lọ́wọ́ aláìsàn ló ṣe pàtàkì: kó dín ikùn kù, kó máa rìn dáadáa, kó jìnnà sí sìgá, kó máa tọ́jú èrìgì rẹ̀, kó sì máa yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lójoojúmọ́ nítorí egbò. Kó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, statin, bí dókítà bá kọ ọ́ fún un. Statin máa ń dín CRP pàápàá kù. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí pé ṣúgà òun ti wálẹ̀ kó wá sùn lé e. Ẹni tó bá tètè rí èéfín ló ń rí àyè pa iná.